Kí A Tó Yí Ojú Ìbọn: Ìlànà Ìwádìí Àbùkù Ìfojúsùn lára Rìfọ́fà Àlòkù

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè kan tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn: bí ìbọn àlòkù kan bá ń tàsé, ta ni kí a bá wí? Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ojú ìbọn náà ni ó ti yí. Wọn a mú sukudiráfà, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sìkúrúù. Èrò wa ni pé ìdáhùn yìí ti yá jù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìbọn tí ó tàsé dà bí ẹjọ́ tí ó ní olùjẹ́jọ́ mẹ́rin: ẹni tí ó yìn ín, ọta tí a kì sínú rẹ̀, ìfojúsùn tí a fi wo àmì, àti ara ìbọn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá ìfojúsùn lẹ́bi kí ó tó gbọ́ ẹnu àwọn yòókù yóò sọ àbùkù kan di méjì.

Ìbọn tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni rìfọ́fà, èyíinì ni irú ìbọn pélébé tí ilé ọta rẹ̀ rí róbótó, tí ó ń yí, tí ó sì máa ń ní ihò ọta mẹ́fà tàbí márùn-ún. Kì í ṣe ohun àjèjì pé kí irú ọ̀rọ̀ báyìí wáyé ní Ọ̀jọ́. Láti 1983 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà, àgọ́ ọmọ-ogun sì wà ní ìlú kan náà; akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ-ogun jọ ń dúró de ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà. Bákan náà, ọjà Alábà kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá ti ra rédíò àlòkù rí níbẹ̀ mọ̀ pé a kì í tú ẹ̀rọ kí a tó mọ̀ bóyá iná ni kò dé inú rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn náà ni a fẹ́ lò fún ìbọn.

Ó yẹ kí a fi òfin ṣáájú. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ọ̀wọ́ kẹta. Ìbọn ìṣọdẹ tí ó ń lo kátíríìjì wà ní ọ̀wọ́ kejì. Rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn pélébé wà ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, pẹ̀lú àgbá ogun àti bọ́ǹbù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ohun tí ó wà ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Òfin náà sì ka àtúnṣe ìbọn mọ́ iṣẹ́ tí ó gba àṣẹ. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìbọn tí ènìyàn fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ó wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá òfin mu, fún olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ láìṣi ara ẹni lọ́nà.

2. Ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà "ojú"

Kí a tó dé orí ìbọn, ìṣòro èdè kan wà tí a gbọ́dọ̀ yanjú. Nínú èdè wa, iṣẹ́ tí "ojú" ń ṣe pọ̀ púpọ̀. Bí ọdẹ bá sọ pé òun ní ìbọn olójú méjì, ohun tí ó ní lọ́kàn ni ihò méjì tí ọta ń gbà jáde. Bí ọdẹ kan náà bá sọ pé ojú ìbọn òun ti yí, ó lè jẹ́ ohun tí ó fi ń wo ẹran ni ó ń sọ. Láàárín àwọn tí wọ́n ti mọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kò lè fa àṣìyé. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pé, "Wo ojú ìbọn yẹn dáadáa," kí ni yóò ṣe? Ó lè yí ẹnu ìbọn síhà ojú ara rẹ̀ kí ó sì wò ó. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti lè mú kí ènìyàn wo ibi tí ikú ń gbà jáde, àìpé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àwọn onímọ̀ wa ti ṣe gudugudu méje lórí irú iṣẹ́ báyìí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ irin kò sí lára ohun tí a gbé e kalẹ̀ fún. Nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò nìwọ̀nyí. "Ẹnu ìbọn" ni ibi tí ọta ń gbà jáde, kò sì ní jẹ́ ohun mìíràn. "Ìfojúsùn iwájú" ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúró ṣánṣán lókè ẹnu ìbọn. "Ìfojúsùn ẹ̀yìn" ni irin tí ó ní àlàfo, tí ó wà nítòsí ojú ẹni tí ń yìnbọn. "Ọ̀pá" ni ibi tí ọta ń gbà kọjá, "ilé ọta" ni ohun róbótó tí ń yí, "òòlù" ni ohun tí ń lu ìdí ọta, "ohun-ìfà" ni èyí tí ìka ń fà, "èèkù" sì ni ibi tí ọwọ́ ń dì mú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ti idà. A kò hun "ìfojúsùn" jáde láti inú òfìfo. Gbogbo ènìyàn ni ó ń lò ó fún ohun tí wọ́n ń lépa láyé. A kàn dá a padà sí ibi tí ojú, ọwọ́ àti àmì ti jọ pàdé ni.

3. Bí ìfojúsùn ti ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ìbọn ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ ni kò ní ìfojúsùn ẹ̀yìn rárá. Ọdẹ a wo gbọọrọ ọ̀pá náà, a sì yìn ín. Ọta wẹ́wẹ́ tí ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pọ̀, ẹran náà sì máa ń wà nítòsí, nítorí náà àṣìṣe díẹ̀ kò pa á lára. Ọ̀rọ̀ rìfọ́fà yàtọ̀. Ọta kan ṣoṣo ni ó ń jáde, ọ̀pá rẹ̀ sì kúrú. Àlàfo tí ó wà láàárín ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí àlàfo náà bá ti kéré tó ni àṣìṣe yóò ti pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò hàn án. Bí àárín ìfojúsùn méjèèjì bá jẹ́ mílímítà 150, tí àmì sì wà ní mítà 25, ìyẹn mílímítà 25,000, ìfojúsùn ẹ̀yìn tí ó fi mílímítà 0.6 péré yẹ̀ kúrò ní ipò yóò mú kí ọta fi mílímítà 100 tàsé. Mílímítà 0.6 kò tó ìdajì ìnípọn owó ẹyọ. Èyí jẹ́ kí a mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ìwàǹwára yí sìkúrúù, àti ìdí tí irin tí ó ń mì díẹ̀ fi lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Rìfọ́fà méjì tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ayé amúnisìn yóò ràn wá lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni oríṣi kẹfà ti Webley, tí wọ́n gbà wọlé ní 1915, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 6. Ìbọn yìí kò ní sìkúrúù tí a fi ń sún ìfojúsùn ẹ̀yìn. Orí ìkọ́ tí ó ń há ọ̀pá mọ́ ara ìbọn ni a gbẹ́ àlàfo náà sí. Irin iwájú nìkan ni a lè pààrọ̀. Èkejì ni Enfield, tí wọ́n gbà wọlé ní 1932. Ọta rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ òjé tí ó wọn gíréènì 200, ìyẹn bí gíráàmù 13. Kí ogun 1939 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọta gíréènì 178, ìyẹn bí gíráàmù 11.5, tí a fi irin mìíràn bo òjé rẹ̀, dípò ti àkọ́kọ́. Ìbọn kò yí padà, ọta ni ó yí. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Lára àwọn rìfọ́fà mìíràn, pàápàá àwọn ti Amẹ́ríkà tí a ṣe fún ìdíje, sìkúrúù méjì ni ó máa ń wà lára ìfojúsùn ẹ̀yìn: ọ̀kan ń sún un sọ́tùn-ún àti sósì, èkejì ń gbé e sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Orí irú ìfojúsùn yìí ni ìdẹwò sukudiráfà ti pọ̀ jù.

4. Gbígbọ́ ẹnu àwọn olùjẹ́jọ́

Ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ láti orí ààbò. A ó ṣí ilé ọta, a ó ka ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó rí i dájú pé gbogbo wọn ṣófo, a ó sì gbé ọta sí ibi tí ó jìnnà sí tábìlì iṣẹ́. Ìbọn tí a rò pé ó ṣófo lè pa aláìmọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò, ní ibi ìdánrawò tí òfin fọwọ́ sí. A ó gbé ọwọ́ lé àpò iyanrìn, a ó yin ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà sí àmì kan náà, láìyí ohunkóhun. Kì í ṣe ọta kọ̀ọ̀kan ni a ó wò. Bí gbogbo wọn ti jókòó pọ̀ ni a ó wò. Bí wọ́n bá fọ́nká káàkiri, a kò tíì lè sọ ohun kan nípa ìtọ̀sí ìfojúsùn, àfi bí ó bá ń mì. Bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ jìnnà sí àmì, nígbà náà ni a rí ohun kan dì mú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìfọ́nká àti ìyẹ̀gẹ̀rẹ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìwádìí.

(i) Ẹni tí ń yìnbọn. A ó gbé ìbọn náà fún ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́, kí ó tún ìdánwò kan náà ṣe. Bí ọta rẹ̀ bá jókòó sí ibòmíràn, ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ ni àbùkù wà. Ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì ń já ohun-ìfà gbà dípò kí ó fà á wọ́ọ́rọ́wọ́, máa ń ta sísàlẹ̀ síhà òsì lọ́pọ̀ ìgbà. Rìfọ́fà tún fún wa ní ọ̀nà mìíràn: a lè kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fa òòlù sẹ́yìn kí a tó yìn ín, èyí sì ń mú kí ohun-ìfà fúyẹ́ gan-an. Bí ọta bá jókòó dáadáa lọ́nà yìí, tí ó sì yẹ̀ nígbà tí a bá fi ohun-ìfà nìkan ṣe gbogbo iṣẹ́, ìka ni kí a kọ́, kì í ṣe ìfojúsùn.

Oòrùn náà lè tan ojú jẹ. Dúdú tí a fi kun ìfojúsùn iwájú ìbọn àlòkù a máa ṣí, irin rẹ̀ a sì máa dán. Bí oòrùn bá wà lápá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún irin náà yóò tàn. Ojú yóò rò pé ibi tí ó ń tàn ni àárín rẹ̀, yóò sì fi ìbọn náà sí òsì láìmọ̀. Èéfín àtùpà tí a fi kun irin náà dúdú tó láti yanjú ẹjọ́ yìí láìyí sìkúrúù kankan.

(ii) Ọta. Ibí ni Enfield ti di ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ìbọn ń ta sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè kí ọta tó jáde. Ọta tí ó wúwo tí kò sì yára máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ọ̀pá, nítorí náà ẹnu ìbọn ti gbé sókè sí i kí ó tó jáde. Ní ibi tí kò jìnnà, òkè ni yóò bọ́ sí. Ọta tí ó fúyẹ́ tí ó sì yára yóò bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ìbọn àlòkù kò mọ irú ọta tí olówó rẹ̀ àná fi tò ó. Kí a tó sọ pé ìfojúsùn ga jù tàbí pé ó kúrú jù, ẹ jẹ́ kí a dán irú ọta tí a ṣe ìbọn náà fún wò.

(iii) Ìfojúsùn. Nísinsìnyí ni ó kàn án. A ó fi ìka tì í díẹ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì. Bí ó bá mì, a ti rí ohun tí ń fọ́n ọta ká: mìmì mílímítà 0.2 lè sún ọta ní mílímítà 33 ní mítà 25. A ó wo irin àlàfo bóyá ó tẹ̀, nítorí ìbọn tí ó ti jábọ́ rí kì í sábà sọ fún ẹni tí ó rà á. A ó yí sìkúrúù díẹ̀ láti mọ̀ bóyá irin ń bá a lọ. Sìkúrúù tí ń yí tí irin kò sì kúrò lójú kan ti jẹ. Pípààrọ̀ ni ó tọ́ sí i. Bí sìkúrúù bá kọ̀ tí kò yí, a kò gbọdọ̀ fi agbára mú un. Ní agbègbè wa yìí, láàárín ọ̀sà àti òkun, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ a máa mú irin dógùn-ún, ẹ̀rún eruku ọyẹ́ a sì tún dí i pa. Òróró díẹ̀, sùúrù ọjọ́ kan, àti sukudiráfà tí ẹnu rẹ̀ bá ojú sìkúrúù mu rẹ́gí ni ìwòsàn rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

(iv) Ara ìbọn. Àwọn àbùkù kan wà tí ìfojúsùn kàn ń ru ẹrù wọn ni. Bí a kò bá dé ọ̀pá mọ́ ara ìbọn dé ibi tí ó yẹ, tàbí tí a dé e kọjá ibẹ̀, ìfojúsùn iwájú yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìkọ́ Webley bá ti jẹ, àlàfo tí ó wà lórí rẹ̀ yóò máa mì pẹ̀lú rẹ̀. Bí etí ẹnu ìbọn bá ti gé níbì kan, ọta yóò máa yà bí ó ti ń jáde. Pàtàkì jùlọ ni ilé ọta. A ó fi ẹfun sàmì sí ihò kọ̀ọ̀kan láti ọ̀kan dé mẹ́fà, a ó sì kọ ibi tí ọta ihò kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Bí ihò kẹta, fún àpẹẹrẹ, bá ń yà nígbà gbogbo tí àwọn yòókù sì wà pọ̀, ihò yẹn kò bá ọ̀pá ṣe déédéé. Bí ẹ̀rún òjé bá sì ń fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín ilé ọta àti ọ̀pá, ẹ jẹ́ kí a dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìbọn náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin fún ní iṣẹ́ náà. Kò sí bí a ti lè yí ìfojúsùn tó tí yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn.

5. Yíyí ìfojúsùn

Bí àwọn olùjẹ́jọ́ mẹ́ta bá ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, nígbà náà ni a lè yí ìfojúsùn. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ìfojúsùn ẹ̀yìn ń lọ sí ibi tí a fẹ́ kí ọta lọ: bí ọta bá ń lọ sósì, a ó sún un sọ́tùn-ún, bí ọta bá ń bọ́ sísàlẹ̀, a ó gbé e sókè. Ìfojúsùn iwájú ń ṣe òdìkejì: bí ọta bá ń bọ́ sísàlẹ̀, a ó dín gíga rẹ̀ kù, bí ọta bá ń lọ sókè, a ó fi èyí tí ó ga jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.

Iye tí a ó sún un kì í ṣe àfọwọ́rò. A ó wọn bí ọta ti jìnnà sí àmì tó, a ó fi àárín ìfojúsùn méjèèjì sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì fi jíjìnnà àmì pín in. Bí ọta bá fi mílímítà 75 bọ́ sísàlẹ̀ ní mítà 25, tí àárín ìfojúsùn jẹ́ mílímítà 150, ìdáhùn ni mílímítà 0.45. Lórí ìbọn tí ó ní sìkúrúù, a ó yí i, a ó tún yìn ín, a ó sì wò ó. Kí a má sì gbàgbé pé sìkúrúù àlòkù máa ń ní òfìfo díẹ̀ nínú: ọwọ́ kan náà ni kí a máa fi parí yíyí rẹ̀ nígbà gbogbo, kí òfìfo náà má baà tàn wá.

Lórí ìbọn tí ìfojúsùn rẹ̀ kì í yí, fáìlì ni ó kù, fáìlì kò sì mọ àtúnṣe. Irin tí a bá ti rẹ́ kúrò kò ní padà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, tí a ń yin ìbọn wò láàárín, tí a sì ń dúró kí ó tó pé gan-an. Bí ìbọn náà bá jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí a má ṣe rẹ́ ẹ rárá: irin iwájú mìíràn ni kí a fi sí i, kí a sì fi ti àtijọ́ pamọ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé ètò ṣe pàtàkì ju ọwọ́ yíyá lọ. Ẹni tí ọta rẹ̀ ń lọ sósì nítorí ìka rẹ̀, tí ó sì sún ìfojúsùn sọ́tùn-ún, yóò rí i pé ìbọn náà pé lónìí. Ọjọ́ tí ìka rẹ̀ bá tọ́, tàbí tí ẹlòmíràn bá gbé ìbọn náà, ọta yóò lọ sọ́tùn-ún, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìdí. Èyí ni a ń pè ní sísọ àbùkù kan di méjì, ìbọn àlòkù sì lè ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ti èdè, a ti rí i pé gbogbo ìlànà yìí ni a lè fi Yorùbá sọ láìfi ibì kan pamọ́, bí a bá ti lè gba ẹrù lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti rù ú jù. A dábàá pé kí "ẹnu ìbọn" àti "ìfojúsùn" rọ́pò "ojú ìbọn" níbikíbi tí a bá ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: ọ̀rọ̀ tí ó lè mú kí ọmọ iṣẹ́ yí ẹnu ìbọn kọ ara rẹ̀ kò yẹ kí ó dé inú ìwé ìkọ́ni rárá.